Ilé Baixa ní Lisbon: igi wo ló wà nínú ògiri rẹ̀, níbo la sì ti lè fojú rí i?

Kọ́lé_Dára:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè mi dá lórí Baixa, àárín ìlú Lisbon gan-an, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà láàárín gbàgede Rossio àti Terreiro do Paço létí odò Tagus. Ọjọ́ méjì péré ló wà fún un, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo sì fẹ́ wò, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n ní lẹ́yìn ilẹ̀ mímì ọdún 1755, igi ni wọ́n kọ́kọ́ tò bí àgò kí wọ́n tó fi òkúta dí i, pé orí òpó igi tó rì sínú omi sì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Báwo ni igi ṣe ń wà nínú omi fún ọdún tó lé ní 250 tí kò jẹrà? Báwo ni àgò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ bí ilẹ̀ bá mì? Ṣé ó ṣì pé pérépéré lónìí? Níbo sì ni ènìyàn ti lè rí i, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti rẹ́ gbogbo ògiri? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú ni kó là mí lọ́yẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn afinimọ̀nà kì í wọ inú ògiri.

Ọmọ_Gbẹ́nàgbẹ́nà:

Ìbéèrè gidi lẹ béèrè yìí. Màá mú ti àgò, kí ẹni tó mọ̀ nípa omi mú ti omi.

Gaiola pombalina ni àwọn Potogí ń pè é. Gaiola ni àgò ẹyẹ. Pombalina wá láti ara Marquês de Pombal, mínísítà tó lágbára jù lọ lábẹ́ ọba José I. Àmọ́ kì í ṣe Pombal ló fi okùn wọn ilẹ̀. Manuel da Maia, olórí àwọn ẹnjiníà ìjọba, tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún nígbà náà, ló kọ àbá sílẹ̀ fún un: ká tún ìlú kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tàbí ká fẹ àwọn òpópónà, tàbí ká wó Baixa palẹ̀ pátápátá ká tún un pín láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí ká tilẹ̀ gbé ìlú lọ sí apá Belém. Wíwó palẹ̀ ni wọ́n mú. Eugénio dos Santos ló ya àwòrán tí wọ́n tẹ̀ lé. Nígbà tó kú ní 1760, Carlos Mardel, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òpópónà ńlá jẹ́ 60 palmo ní fífẹ̀. Palmo kan tó sẹ̀ǹtímítà 22, nítorí náà gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 13 ó lé díẹ̀: 40 palmo fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin, 10 palmo ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn òpópónà kékeré jẹ́ 40 palmo. Nínú Lisbon àtijọ́, ọ̀nà tóóró ni wọ́n pọ̀, ògiri sì wó pa àwọn tó ń sá. Ìdí nìyẹn tí da Maia fi gbà pé gíga ilé àti fífẹ̀ ọ̀nà gbọ́dọ̀ bára mu.

Ẹ wá gbọ́ bí ilé kan ṣe rí láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ìsàlẹ̀ pátápátá kò ní àgò rárá. Òpó òkúta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọrun òkúta tí wọ́n fi so òpó pọ̀, àti àjà onítẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi bíríkì mọ. Iṣẹ́ méjì ni àjà bíríkì yìí ń ṣe: kò jẹ́ kí iná ṣọ́ọ̀bù gun igi òkè, kò sì jẹ́ kí ọ̀rinrin ilẹ̀ gun un. Ẹ rántí pé kì í ṣe ilẹ̀ mímì nìkan ló pa Lisbon run ní November 1, 1755. Ilẹ̀ mì láàárọ̀, omi òkun ya wọ̀lú, lẹ́yìn náà ni iná jó ìlú fún ọjọ́ bíi márùn-ún. Ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná ni ìdajì nínú gbogbo ètò náà.

Láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kìíní ni àgò ti bẹ̀rẹ̀. Ògiri inú tó ń gbé ẹrù ni wọ́n ń pè ní frontal. Igi ìnàró, tó ń jẹ́ prumo, ni wọ́n kọ́kọ́ nà. Wọ́n fi igi ìdábùú so ó. Lẹ́yìn náà, nínú ihò onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi igi méjì kọjá ara wọn bí lẹ́tà X. Àwọn Potogí ń pè é ní àgbélébùú Andérù Mímọ́. Níbi tí igi méjì bá ti pàdé, wọ́n gé ìdajì kúrò lára ìkọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè wọnú ara wọn, wọ́n sì kan ìṣó mọ́ ọn. Ìwọ̀n igi náà kì í pọ̀, ó máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 8 sí 15. Nígbà tí àgò bá dúró tán, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́, àfọ́kù bíríkì àti àpòpọ̀ ẹfun àti iyanrìn dí àwọn ihò onígun mẹ́ta tó ṣẹ́ kù, wọ́n á wá rẹ́ ẹ. Gbogbo ògiri náà kì í ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ.

Kí ni X náà wà fún? Bí ilẹ̀ bá ti ilé sí apá ọ̀tún, igi ìdágẹ̀ẹ́rẹ́ kan nínú méjèèjì ni á gba ẹrù, á fi orí àti ìdí fún un. Bí ilẹ̀ bá fà á padà sí òsì, ìkejì ni á gbà á. Igi dára gan-an tí a bá ń fún un mọ́ra. Ojú ìṣó ni kò lágbára tí a bá ń fà á ya. Ìyẹn ni wọ́n fi lo méjì, kí ọ̀kan máa wà nílẹ̀ fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Òkúta tí wọ́n fi dí i á sán, rírẹ́ á já bọ́, ṣùgbọ́n oríkèé igi á yọ̀ díẹ̀, ìṣó á tẹ̀, agbára ilẹ̀ mímì á sì tán síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ògiri òkúta lásán kò ní ibi tí yóò ná agbára yẹn sí, ó kàn máa ń ya ni.

Ògiri ìta yàtọ̀. Òkúta àti ẹfun ni, ó máa ń nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 60 títí dé 90, ó sì máa ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè. Inú rẹ̀, lójú yàrá, ni wọ́n to igi sí. Àwọn igi kéékèèké kan wà tí wọ́n kàn mọ́ àgò tí orí wọn sì rì sínú òkúta. "Mãos" ni orúkọ wọn, ìyẹn ọwọ́, nítorí pé ńṣe ni wọ́n di ògiri mú kó má bàa ya sí títì. Bí ẹ bá rí ilé àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ṣubú sí títì nígbà tí ilẹ̀ mì, ohun tí kò ní nìyẹn.

Ògiri pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tún wà, tabique, tó kàn ń pín yàrá. Ẹ má ṣe pe ìyẹn ní àgò. Àárín ilé kan sí èkejì ni wọ́n ti gbé ògiri òkúta ga kọjá òrùlé, kí iná má bàa fò láti ilé dé ilé.

Ọ̀kan ṣì kù tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n sọ ìwọ̀n di ọ̀kan náà: ojú fèrèsé, ẹnu ọ̀nà, òkúta lioz tí wọ́n gé fún férémù, irin ojú fèrèsé. Wọ́n lè gbẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ibòmíràn, kí wọ́n kó o wá, kí wọ́n tò ó. Ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe.

Omi_Abẹ́lẹ̀:

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n mú ti omi.

Ohun tó ń jẹ igi nílò mẹ́ta: igi fúnra rẹ̀, omi, àti afẹ́fẹ́. Bí igi bá rì pátápátá, afẹ́fẹ́ kò sí, olú tó ń mú igi rà kò lè mí. Bí igi bá gbẹ pátápátá, omi kò sí. Ibi tí ewu wà ni ibi tí omi ti ń gòkè ń sọ̀, tí igi ń rẹ lónìí tó ń gbẹ lọ́la. Ìyẹn ni pé omi gan-an ló ń pa òpó Baixa mọ́. Bí omi abẹ́lẹ̀ bá fà sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́, orí òpó ni yóò kọ́kọ́ rà, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹrù ilé dúró lé.

Ilẹ̀ Baixa jẹ́ àfonífojì. Odò kékeré méjì ló ń ṣàn wá síbẹ̀ láyé àtijọ́, ọ̀kan láti apá ibi tí Avenida da Liberdade wà lónìí, èkejì láti apá Arroios. Wọ́n pàdé nítòsí Rossio, wọ́n sì jọ ṣàn lọ sínú Tagus. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni wọ́n fi sílẹ̀. Lórí ìyẹn ni àwókù ìlú 1755 tún wà, nítorí wọn kò kó o dànù. Wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n sì fi gbé ilẹ̀ ga.

Àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe níbí. Wọ́n rò pé òpó igi náà gùn dé orí àpáta. Rárá. Àpáta jìn gan-an, òpó náà kúrú. Igi ahóyaya, ìyẹn pine, ni wọ́n gbá mọ́lẹ̀ ní tòsítòsí, kí ilẹ̀ rírọ̀ lè fún mọ́ra. Lórí òpó ni wọ́n wá to igi ìdábùú lé, tó kọjá ara wọn bí àwọ̀n, kí ìpìlẹ̀ òkúta tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àwọ̀n yìí ni láti pín ẹrù ká, kí igun kan má bàa rì ju òmíràn lọ.

Omi abẹ́lẹ̀ náà kì í dúró lójú kan. Ní apá Terreiro do Paço, ó ń tẹ̀ lé ìgbì Tagus. Bí ẹ bá dúró ní Cais das Colunas, àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ sínú odò, ẹ ó rí ìyàtọ̀ láàárín omi kíkún àti omi gbígbẹ. Nígbà oṣù tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú ó lè ju mítà 3 lọ. Bí ẹ bá ti ń lọ sí Rossio ni agbára ìgbì ń dín kù.

Ohun tó ń da omi yìí láàmú ni iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ òde òní. Ibùdókọ̀ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀ lè dínà omi ní apá kan kí ó ga, kí ó sì lọ sílẹ̀ ní apá kejì. Ní 2000, omi àti ẹrẹ̀ ya wọ inú ihò tí wọ́n ń gbẹ́ lábẹ́ Terreiro do Paço. Ibùdókọ̀ náà kò sì ṣí títí di December 2007. Ilẹ̀ yẹn kì í gba ìkánjú.

Àwọn ará Róòmù náà ti bá ìṣòro yìí jà níbẹ̀ kí Pombal tó dé. Lábẹ́ Rua da Prata àti Rua da Conceição ni ilé abẹ́lẹ̀ onítẹ̀ẹ́ kan wà, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Jésù. Ìpèpéle ni, tí wọ́n fi gbé ilé òkè sórí ilẹ̀ rírọ̀. Wọ́n rí i ní 1771 nígbà tí wọ́n ń tún ìlú kọ́. Dípò kí wọ́n fọ́ ọ, orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí.

Kọ́lé_Dára:

Ọpẹ́ mi kò kéré o. Ọ̀rọ̀ òpó kúkúrú yẹn ti tú mi lójú. Ìbéèrè kan ṣì kù: bí àgò yìí bá dára tó báyìí, kí ló dé tí àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ fi ń bẹ̀rù? Àti pé ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun dán an wò?

Ọmọ_Gbẹ́nàgbẹ́nà:

Ti àwọn ọmọ ogun, ìtàn tó lókìkí ni: pé wọ́n gbé àgò kan kalẹ̀ ní Terreiro do Paço, kí àwọn ọmọ ogun máa fẹsẹ̀ kilẹ̀ yí i ká. Ẹ gbádùn rẹ̀ bí ìtàn, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí tó ṣeé dì mú ni ti yàrá àyẹ̀wò. Ní Instituto Superior Técnico, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà, àti ní LNEC, ilé ìwádìí ìjọba lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́, tí méjèèjì wà ní Lisbon, wọ́n ti gbé ògiri frontal sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n tì í lọ tì í bọ̀. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lókè ló rí: oríkèé ni ó kọ́kọ́ ń jọ̀wọ́, kì í sì í wó lójijì.

Ìbẹ̀rù àwọn ẹnjiníà tọ̀nà. Àgò tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ó wà nínú gbogbo ilé Baixa lónìí.

Ìsàlẹ̀ ilé ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù fẹ́ kí gíláàsì rẹ̀ gbòòrò, ó bá yọ òpó òkúta kan, ó fi irin dábùú rọ́pò rẹ̀. Ilé náà dúró, nítorí irin lè gbé ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mímì kì í tẹni láti òkè, ẹ̀gbẹ́ ló ń tì. Bí ìsàlẹ̀ bá ti rọ̀ ju òkè lọ, gbogbo ìmì náà á kó jọ síbẹ̀. Orí líle lórí ẹsẹ̀ rírọ̀, ibi tí ilé ń ti ṣubú nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n gé X. Ọ́fíìsì fẹ́ yàrá ńlá, ilé ìtura fẹ́ ilé ìwẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n bá wó ògiri frontal nítorí wọ́n rò pé ògiri ìpínyà lásán ni, torí kò nípọn. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kàn án láìyọ rírẹ́ rẹ̀ wò kò lè mọ̀. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ rírẹ́ ní ibi díẹ̀, kí wọ́n wò bóyá igi ìdágẹ̀ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé òòlù.

Lẹ́yìn náà ni ẹrù tí wọ́n fi kún un. Ìsàlẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, àti yàrá abẹ́ òrùlé ni ètò ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onílé fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tàbí méjì kún un láìní àgò kankan nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn yọ àjà pákó, wọ́n da kọnkéré. Kọnkéré wúwo ju pákó lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, bí ohun tó wà lókè bá sì ṣe wúwo tó ni agbára tí ilẹ̀ mímì ń fi gbá ilé ṣe ń pọ̀ tó.

Ìbàjẹ́ tí ó ń yọ́ ṣe ni ti orí igi àjà. Ibi tí igi ti wọ inú ògiri òkúta ló máa ń rà, pàápàá lábẹ́ ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, níbi tí páìpù ti ń jò láìsẹ́ni tó mọ̀. Ikán náà ń bá a jà láti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá tún wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri tí ẹfun ni wọ́n fi kọ́, ọ̀rinrin kò rí ibi jáde mọ́, inú igi ni yóò jókòó sí. Ẹfun ni kí wọ́n fi tún ohun tí a fi ẹfun kọ́ ṣe.

Ẹ tún mọ èyí: ilé kan kì í dá dúró ní Baixa. Gbogbo ilé tó wà láàárín òpópónà mẹ́rin fara ti ara wọn, ògiri wọn ló pa pọ̀. Ẹni tó bá gé ti tirẹ̀ ti gé ti aládùúgbò. Àwọn ilé igun ló sì ń jìyà jù, torí wọn kò ní ẹni tó ń gbá wọn mú ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Láti 2019, òfin Pọ́túgàl ti ń béèrè àyẹ̀wò agbára ilé sí ilẹ̀ mímì nígbà tí àtúnṣe bá dé ìwọ̀n kan. Ó dára, àmọ́ ó pẹ́.

Baixa kò tíì tún rí irú ti 1755. Ilẹ̀ mímì ti February 28, 1969 lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn nínú òkun ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì ba Lisbon jẹ́ púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ti 1969 sọ pé ó ti yege.

Ẹsẹ̀_Ń_Ròde:

Mo bá yín dé ibi rírìn rẹ̀ wàyí. Láti Rossio dé Terreiro do Paço kò tó kìlómítà kan, nítorí náà ìṣòro kì í ṣe jíjìn, ohun tí ojú ń wò ni. Ẹ má fi ọjọ́ Àìkú sí iṣẹ́ yìí, torí méjì nínú ibi tí mo fẹ́ dárúkọ kì í ṣí lọ́jọ́ náà.

Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì Carmo tó wó. Kí ẹsẹ̀ má bàa tètè rẹ̀ yín, ẹ gba ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ Baixa-Chiado tó wà ní Rua do Crucifixo, kí àtẹ̀gùn oníná gbé yín jáde sí Largo do Chiado. Ẹ kò ní kọjá níbi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni. Carmo kò jìnnà síbẹ̀. Àjà òkúta rẹ̀ wó ní 1755, wọn kò sì dá a padà. Àwọn ọrun òkúta nìkan ló dúró lójú sánmà. Ẹ wo bí òkúta tí kò ní igi nínú ṣe ń já, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìdáhùn tí wọ́n fún un.

Ní Rossio, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos. Ilẹ̀ mímì bà á jẹ́, wọ́n tún un kọ́, iná tún jó o ní 1959. Wọ́n tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn òpó tó jóná sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, wọ́n pupa, wọ́n sán, wọ́n hó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iná ń ṣe sí òkúta, ibẹ̀ ni kó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wọ òpópónà. Ẹ ka pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti ìta: bí ó bá ju mẹ́ta lọ lókè ìsàlẹ̀ kí ẹ tó kan fèrèsé òrùlé, wọ́n ti fi kún un. Ẹ wo ìsàlẹ̀: ẹnu ọ̀nà tí òkúta yí ká, tí wọ́n jìnnà síra dọ́gba-dọ́gba, ni ti àtijọ́, gíláàsì kan gbọọrọ láti igun dé igun ni èyí tí Ọmọ_Gbẹ́nàgbẹ́nà ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ní òpópónà ńlá bíi Rua Augusta, Rua do Ouro àti Rua da Prata, fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kìíní máa ń gùn dé ilẹ̀, ó sì ní irin níwájú. Ní àwọn òpópónà kékeré bíi Rua dos Sapateiros àti Rua dos Douradores, fèrèsé lásán ló pọ̀ jù. Ipò òpópónà ló ń sọ ipò ilé. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ni wọ́n tò mọ́ ìlà, kí gogoro má bàa yọ sókè kó wó lu ènìyàn.

Orúkọ òpópónà náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní 1760 ni wọ́n pín wọn fún oníṣẹ́ ọwọ́: Ouro fún alágbẹ̀dẹ wúrà, Sapateiros fún aránbàtà, Correeiros fún àwọn tó ń ṣe ìjánu àti gàárì, Fanqueiros fún oníṣòwò aṣọ.

Ibi tí ẹ ó ti fojú rí òpó igi ni Núcleo Arqueológico, lábẹ́ báńkì kan ní Rua dos Correeiros. Wọ́n wa ilẹ̀ rẹ̀ láàárín 1991 sí 1995. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n afinimọ̀nà ibẹ̀ ló ń mú ènìyàn wọlé, nítorí náà ẹ gba àyè sílẹ̀ ṣáájú. Àwọn agbada òkúta tí àwọn ará Róòmù fi ń fi iyọ̀ sí ẹja ló kún ibẹ̀, òpó igi ìgbà Pombal sì gba àárín wọn kọjá. Ẹ sọ fún afinimọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀ pé òpó igi lẹ wá wò, torí ẹja ni wọ́n máa ń sọ jù.

Ẹ parí rẹ̀ lórí Arco da Rua Augusta, tí wọ́n parí ní 1875. Láti òkè rẹ̀, ẹ ó rí ògiri ìdènà iná tó yọ lókè òrùlé láàárín ilé kan sí èkejì, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ lókè.

Ohun tó máa ń bá àlejò: òkúta funfun àti dúdú tí wọ́n fi tẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀nà máa ń yọ̀ bíi ọṣẹ bí òjò bá rọ̀ díẹ̀, ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ mú. Inú tírámù 28 ni àwọn jáwójáwó ti ń ṣiṣẹ́ jù, ní ìgbà tí ènìyàn bá ń fún ara wọn wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ gòkè lọ sí apá ààfin São Jorge, lífíìtì ọ̀fẹ́ kan wà nínú ilé kan ní Rua dos Fanqueiros, ó yọ sí Rua da Madalena.

Àgbà_Ìwé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rìn kọjá iwájú São Domingos láìdúró. Láyé àtijọ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni ẹgbẹ́ Nossa Senhora do Rosário ti àwọn ènìyàn dúdú wà, ẹgbẹ́ tí àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Títí di òní, iwájú rẹ̀ ni àwọn ará Áfíríkà, pàápàá àwọn ọmọ Guinea-Bissau, ń kóra jọ sí. Àmì ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa ní 1506 náà wà níbẹ̀.

Owó tí wọ́n fi kọ́ Baixa náà ní orísun. Àwọn oníṣòwò Lisbon gbà kí wọ́n máa san ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tó ń wọlé, láti fi tún ibùdó owó bodè àti ilé ìjọba kọ́. Ọrọ̀ tó wà lẹ́yìn òwò yẹn ni wúrà Brazil, ẹrú ló sì ń wa wúrà náà ní Minas Gerais. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kó láti etíkun tí àwọn Potogí ń pè ní Costa da Mina, tó kan Togo àti Benin òde òní, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nagô sì wà lára wọn. Pombal fúnra rẹ̀ ló gbé òfin jáde ní 1761 pé ẹrú tó bá gúnlẹ̀ sí Pọ́túgàl di òmìnira, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan Brazil. Èyí wà nínú ìpìlẹ̀ yẹn pẹ̀lú.

Kọ́lé_Dára:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọ̀kan péré ló kù: ilé abẹ́lẹ̀ àwọn ará Róòmù tí Omi_Abẹ́lẹ̀ sọ, ṣé ènìyàn lè wọ̀ ọ́?

Omi_Abẹ́lẹ̀:

Ó ṣeé wọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọjọ́ tó bá wu ènìyàn. Omi ló kún inú rẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ fà á jáde, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́, kí àlejò tó lè wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń ṣí i, ní oṣù April àti September, fún ọjọ́ díẹ̀. Museu de Lisboa ni ẹ máa wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì máa jáde. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló ń tán, nítorí náà ẹ ti jókòó ti kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó ṣí i.

Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ihò pẹlẹbẹ ní àárín títì Rua da Conceição gan-an, níbi tí irin tírámù gbà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, kò dára fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Nínú ibẹ̀, ẹ béèrè Galeria das Nascentes, kí ẹ sì wo sísán tó wà níbẹ̀: ojú rẹ̀ ni omi abẹ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ẹ wọ bàtà tí omi kò lè bà jẹ́, nítorí omi ṣì máa ń wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fà á tán.